Ìfàsẹ́yìn àwọn agbedeméjì ní Onípáànù

Àwọn agbedeméjì ni àwọn tí kì í ṣe olówó, tí a kò sì lè pè ní tálákà, bí olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, tí owó tó ń wọlé fún wọn ká owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ. Ní Onípáànù ní Èkó, létí òpópónà Ìkòròdú, àti ní Ṣómólú òun Bàríga, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dìde. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí ó sì fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà, tí náírà sì já wálẹ̀, àwọn atẹ̀wé wà lára àwọn tí ìnira náà wọ̀ lára jù, nítorí pé láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ pépà Jẹ́bà àti Ìwópin ti jó rẹ̀yìn, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ pépà ti ń wá. Ẹni tó gba owó kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ oníbàárà lánàá lè dé ọjà lónìí kí owó náà má ra pépà tán, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, owó-oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà, ó di 70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti gbé e mì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn agbedeméjì fi ń jápa, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣí lọ sí òkè òkun.