Wàláà, Síléètì àti Kayé: Ìtàn Ìtọ́jú Ohun Ẹ̀kọ́ Ọmọ Nínú Ilé Wa

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó ti rí fún ìwà ni ó rí fún ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí a ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ìgbà díẹ̀, mo jókòó ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì nínú ilé kí iṣẹ́ wọn má baà bàjẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wíwá ìwé ni a fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe. Kayé ìṣirò wà lábẹ́ ibùsùn, ìwé kíkà kò ní èèpo mọ́, ojú-ewé ẹ̀kọ́ ìtàn sì ti di ohun tí a fi dá iná. Inú bí mi. Ìyá mi tí wọ́n ń wò wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Wàláà kan ṣoṣo ni bàbá yín ní ní kékeré wọn, kò sọnù lọ́wọ́ wọn rí.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ẹni tí ó ní pátákó kan fi mọ̀ ọ́n tọ́jú, tí àwa tí a ní ogún ìwé fi ń sọ tiwa nù? Ìtàn ni ó lè dá wa lóhùn.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, orí ni àpótí ìwé. Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ babaláwo ń gbé ilé ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó ti ń gbálẹ̀, tí ó ń pọnmi, ni ó ń kọ́ bí a ti ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ètò tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ojú odù jẹ́ 16, wọ́n sì ní ipò: Ogbè ni ó ṣíwájú, Ọ̀yẹ̀kú tẹ̀ lé e, títí dé Òfún tí ó gbẹ̀yìn. Láti ara 16 yìí ni a ti ń rí 256. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá kọ́ ní odù tí ó ń gbé. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ fi lè tètè rí ẹsẹ tí ó ń wá.

Ní Kétu, irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún ìtàn ìlú. Bàbá Ẹlẹ́gùn ni ó ń tọ́jú ìtàn àwọn Alákétu, tí ó sì ń sọ ọ́ nígbà tí a bá fi ọba tuntun jẹ. Nínú ìdílé ni a ti ń fi ẹ̀kọ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 1886, ogun Dàhòmì wó Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú náà dahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì, tí àwọn tí ó kù sì padà wá tún un kọ́. Ilé parun, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọba kò parun, nítorí pé ibi tí a kó wọn sí, iná kò lè dé ibẹ̀. Àmọ́ àpótí yìí ní ewu tirẹ̀: bí ẹni tí ó rù ú bá kú kí ó tó kọ́ ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kéú mú ìkọ̀wé wọ ilé wa. Pátákó ni wàláà, àáfà sì ń fi kàlámù àti tàdáà kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ sí i. Láti orí àwọn súrà kúkúrú tí ó wà ní ìparí Kùránì ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ rọrùn: a kì í fọ wàláà kí ọmọ tó mọ ohun tí ó wà lórí rẹ̀ dájú. Nígbà tí ó bá kà á láìṣìṣe, a fọ̀ ọ́, a sì kọ òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì kì í dàpọ̀ lójú ọmọ. Bàbá mi sọ fún wa pé ara ògiri ni wọ́n ń gbé tiwọn kọ́, àti pé kò sí ọmọ tí ó jẹ́ jókòó lé e.

Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dó sí Àjàṣẹ́ ní 1864, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Faransé sì tẹ̀ lé tiwọn, síléètì dé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní ardoise. Ìbátan wàláà ni: a kọ ọ́, a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ kò sí nínú ilé mọ́, kò sì sí ní èdè ilé. Òfin ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1922 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé láti máa fi èdè Faransé kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá sọ èdè abínibí a máa gbé signal kọ́ ọrùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Báyìí ni ohun ẹ̀kọ́ di àlejò nínú ilé. Bàbá àti ìyá tí kò gbọ́ Faransé kò mọ èyí tí ó yẹ kí a pa mọ́ àti èyí tí ó yẹ kí a dà nù. Olùtọ́jú àtijọ́ ti kúrò nípò, a kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kayé ni ó wá dá kún un. Àyè orí wàláà àti síléètì kéré; àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ fún ọmọ pé ó tó àkókò láti palẹ̀ mọ́. Kayé kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, títí yóò fi di ohun tí a fi ń di àkàrà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní CM2, mo kó àwọn kayé àtijọ́ inú ilé tà fún aláàkàrà kí n lè fi owó rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti bàbá mi. Àròkọ Faransé ni ó wà níwájú rẹ̀; ní ẹ̀yìn, wọ́n ti kọ oríkì ìdílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ sí i, bí ìyá wọn ti ń kì í. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n béèrè ibi tí aláàkàrà ń jókòó, wọ́n lọ, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Títí di òní, ìlà díẹ̀ ni a rántí nínú oríkì náà.

Ìṣòro mìíràn tún wà fún àwa ará Bẹ̀nẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a gbà ní 1975 ń kọ ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, sh dípò ṣ, àti kp níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ p. Bẹ́ẹ̀ ni Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ àti àwọn ìwé mìíràn ń wọlé láti Nàìjíríà. Bí a bá kó oríṣi méjèèjì sínú àpò kan fún ọmọ ọdún mẹ́fà, yóò rò pé èdè méjì ni. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ọmọ mọ ọ̀kan dájú kí ẹ tó ṣí èkejì. Òfin wàláà nìyẹn.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kí a fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, bí odù ti ní ipò. Páálí kan tó fún ọmọ kan. Ẹ kọ orúkọ, kíláàsì àti ọdún sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán àti ọ̀rinrin. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí òbí àti ọmọ jọ tú u wò. Òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣe é: ọmọ yóò ka àkọlé, òbí yóò ní kí ó sọ ohun tí ó kọ́ níbẹ̀. Èyí tí ó ti mọ̀ dájú, tí kò sì wúlò mọ́, ẹ lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí kayé tí ọmọ ti kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ lọ, tàbí àròkọ rẹ̀, tàbí ojú-ewé tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sí. Kí a sì yan ẹnì kan nínú ilé tí gbogbo èyí wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìtàn Kétu ti wà lọ́wọ́ Bàbá Ẹlẹ́gùn.

Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n kọ́ èmi ní ìwé; ìtọ́jú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó ta kayé kan nínú ìsinmi tí ó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.