Làbẹ̀làbẹ̀ nínú Ìtàn Wa

Ọdún 1977 ni ayé ènìyàn dúdú péjọ sí Èkó fún Festac, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ilẹ̀ Àwórì, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ni ìjọba kọ́ ilé àwọn àlejò sí, ní agbègbè ọ̀sà àti àbàtà. Àpérò lórí ọ̀làjú àti ẹ̀kọ́ wà nínú àjọ̀dún náà.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀kọ́ gùn rìn ní ayé àtijọ́ ní Íjíbítì? Ìbátan làbẹ̀làbẹ̀ ni, ewéko àbàtà tí ewé rẹ̀ mú bí abẹ, tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Papírọ́ọ̀sì ni ìbátan náà ń jẹ́. Àwọn ará Íjíbítì a bó èèpo rẹ̀, wọn a la inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọn a tò ó ní ìbú àti òró, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ìwé. Àkọsílẹ̀ Merer, tí a rí ní Wadi al-Jarf ní 2013, ti tó 4,500 ọdún. Ó ròyìn bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta lọ síbi iṣẹ́ Khufu. Láti ara orúkọ ewéko yìí ni ‘pépà’ tí àwa ń pè ti ṣẹ̀. Òfíò tí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya ń gbìn, tí a ń rà jẹ l'Ékòó, ẹbí kan náà ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi iyanrìn dí àbàtà Amúwò tán, kì í ṣe ibùsùn omi òjò nìkan ni ó gbà. Ó fa ewé kan ya nínú ìwé ìtàn wa.