Láísẹ́ǹsì Àfikún Sọ́fítíwíà Open Source

Àfikún sọ́fítíwíà ni kóòdù tí ẹnì kan kọ láti fi iṣẹ́ tuntun kún sọ́fítíwíà tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀. Plugin ni wọ́n ń pè é nínú WordPress àti Moodle, module ni nínú Drupal àti kernel Linux, extension ni nínú Firefox. Tí ìpìlẹ̀ náà bá jẹ́ open source, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti yọ̀ǹda kóòdù rẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà, láti tún ṣe àti láti pín kiri, ìbéèrè kan kì í ṣàìdìde: ṣé oníṣẹ́ àfikún lè yan láísẹ́ǹsì tó wù ú, àbí ti ìpìlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé? Láísẹ́ǹsì ìpìlẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dáhùn rẹ̀. Ó di dandan kí a wo bí wọ́n ṣe so kóòdù méjèèjì pọ̀, kí a sì wo ẹni tí wọ́n gbé àfikún náà fún. Ẹni tó bá wo láísẹ́ǹsì nìkan yóò ṣìnà.

Ibi tí láísẹ́ǹsì ti ń rí agbára

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni gbogbo láísẹ́ǹsì wọ̀nyí fẹ̀yìn tì. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 1988 ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Òfin 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ìyẹn padà. Ẹni tó kọ kóòdù ló ni ín. Láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ mú un ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Àṣẹ tí oníṣẹ́ bá fún gbogbo ènìyàn lápapọ̀ kò sì nílò ìwé àdéhùn tí a tẹ̀ka sí: ó lè wà lákọsílẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, a tilẹ̀ lè rí i nínú ìṣesí oníṣẹ́. Ìdí nìyí tí fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní LICENSE fi tó láti gbé gbogbo ẹrù yìí.

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bá kọ plugin, tó gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ ń kó kóòdù sí, láìfi láísẹ́ǹsì kankan sí i, ọ̀pọ̀ yóò rò pé ó ti di ti gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn lè wò ó, wọ́n sì lè fork rẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, lórí GitHub níbẹ̀, nítorí òfin GitHub fúnra rẹ̀ fàyè gba ìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ náà kì í sì í dúró sí ibodè. Nàìjíríà wọ àdéhùn Berne ní 1993, Côte d'Ivoire sì ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọ Èjìgbò, ní Ọ̀ṣun bákan náà, tó pọ̀ ní Abidjan ní Côte d'Ivoire lè gbé iṣẹ́ wọn lọ, kí wọ́n sì gbé e bọ̀, láìjẹ́ pé láísẹ́ǹsì orí rẹ̀ sọ agbára nù lọ́nà.

Ohun tí ìpìlẹ̀ ń béèrè

Láísẹ́ǹsì MIT àti BSD kò béèrè ju pé kí a fi orúkọ oníṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà sílẹ̀. Apache 2.0, tó jáde ní 2004, fi ọ̀rọ̀ patent kún un. Ẹni tó bá kọ àfikún sórí irú ìpìlẹ̀ báyìí lè tì í pa, ó sì lè tà á bó ṣe wù ú.

MPL 2.0, ti 2012, ń wo fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tó jẹ́ ti ìpìlẹ̀ tí o bá tún ṣe, tí o sì pín, gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Fáìlì tuntun tí o kọ fúnra rẹ, tìrẹ ni. Abẹ́ MPL 2.0 ni OpenMRS wà, òun sì ni ìpìlẹ̀ NMRS tí àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú HIV. Module tí wọ́n bá kọ kún OpenMRS lè ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀.

GPL le ju àwọn wọ̀nyí lọ. Richard Stallman, olùdásílẹ̀ Free Software Foundation, ló gbé e kalẹ̀ ní 1989. Ẹ̀dà kejì jáde ní 1991, ẹ̀kẹta ní 2007. Ohun tó wí ni pé iṣẹ́ tó bá ti ara iṣẹ́ GPL yọ, tí a sì pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ GPL bákan náà, pẹ̀lú kóòdù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé àfikún ti ara ìpìlẹ̀ yọ? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí.

Ojú ìsopọ̀

Free Software Foundation, àjọ tó ni GPL, gbà pé tí ìpìlẹ̀ àti plugin bá jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìrántí kan náà, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń lo àkójọ dátà kan náà, ètò kan ṣoṣo ni wọ́n. Tí ọ̀kan bá kàn ń rán èkejì níṣẹ́ láti òkèèrè, tí ìyẹn sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ètò tirẹ̀, méjì ni wọ́n.

Àwọn kan ti kọ èrò yìí sínú ẹ̀rọ gan-an. GCC, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gba plugin ní ẹ̀dà 4.5, ní 2010, ṣùgbọ́n kì í gbé plugin tí kò bá ní orúkọ plugin_is_GPL_compatible nínú. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux tó ń darí ẹ̀rọ, náà ń béèrè pé kí module sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀. Tó bá sọ pé òun kì í ṣe GPL, kernel yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pé «module license 'Proprietary' taints kernel», àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n fi àmì EXPORT_SYMBOL_GPL sí lára kò sì ní í dá a lóhùn. Ètò tí ènìyàn ń lò lórí Linux lọ́nà tó wọ́pọ̀ kò sí nínú èyí, nítorí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kì í ṣe iṣẹ́ tó ti ara kernel yọ.

Ilé ẹjọ́ kò tíì là á yé wa tó. Christoph Hellwig, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kernel, pe ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà VMware lẹ́jọ́ ní Hamburg ní Jámánì ní 2015 lórí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ yìí gan-an. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù ní 2016, kò sì yọrí sí rere fún un nígbà tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2019, torí pé kò fi hàn kedere kóòdù wo ló jẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè tó gbé wọn débẹ̀ kò rí ìdáhùn gbà.

Nínú WordPress, tí òun náà wà lábẹ́ GPL, ìjà náà bọ́ sí gbangba ní 2010. Thesis, iṣẹ́ Chris Pearson, jẹ́ theme, ìyẹn àfikún tó ń pinnu ìrísí ìkànnì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sanwó fún, Pearson sì kọ̀ láti fi sábẹ́ GPL. Matt Mullenweg, ọ̀kan nínú àwọn tó dá WordPress sílẹ̀, ní kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009 ni àwọn agbẹjọ́rò Software Freedom Law Center ti sọ pé apá PHP theme ti ara WordPress yọ, ṣùgbọ́n àwòrán àti CSS lè dá dúró. Ní ìparí, Pearson fi PHP rẹ̀ sábẹ́ GPL, ó sì fi ìyókù sábẹ́ láísẹ́ǹsì tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti Paystack, ilé iṣẹ́ ìgbowó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe rà ní 2020. Àwọn oníṣòwò tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi plugin Paystack kún WooCommerce, tí òun náà jẹ́ plugin WordPress. Ẹni tó bá ṣí fáìlì plugin náà yóò rí i lókè rẹ̀ pé GPLv2 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, nítorí àkójọ WordPress.org kì í gba plugin tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò bá bá GPL mu. Ẹnikẹ́ni lè ka bó ṣe ń gba owó, kó sì tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó ń gba owó gan-an, tó ń bá báńkì sọ̀rọ̀, wà lọ́dọ̀ Paystack, kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni plugin ti ń ránṣẹ́ sí i. Kò sí ohun tó fi hàn tó èyí pé ọ̀nà ìsopọ̀ lè pààlà sáàárín ohun tó gbọ́dọ̀ ṣí àti ohun tó lè wà ní títì.

Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ àti ọjọ́ tí nǹkan di ti ẹlòmíràn

GPL kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀ranyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀dà bá dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde: tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí ìwé kíkà àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ìjọba. 150,000 ni iye tí wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ pín káàkiri ìpínlẹ̀ náà.

Android dúró lórí kernel Linux, tó wà lábẹ́ GPLv2. Ọ̀pọ̀ lára ohun tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ Apache 2.0. Àfikún tí wọ́n bá ṣe sínú kernel kí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lè mọ ìka ọmọdé wà lábẹ́ GPL. GPLv2 ní kí ẹni tó bá pín irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó kóòdù rẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kó kọ ìlérí sílẹ̀, tí yóò wà fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta, pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè yóò rí i gbà. Ẹni tó ń pín in láìjẹ́ ti òwò lè ta ìlérí tí olùṣe ẹ̀rọ ti fún un látaré. Ẹ̀tọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé Ifẹ̀-Ọ̀dàn bó ṣe dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Android, ibi tí wọ́n ń kọ àlàyé nípa ẹ̀rọ sí nínú Settings ni láísẹ́ǹsì wọ̀nyí máa ń wà, ní ìlà gígùn tí ènìyàn díẹ̀ ló ń kà. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà máa ṣí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ tí ọmọ kò mọ̀ pé òun ní kò lè ṣe é lóore.

Àwọn ìwé kíkà inú Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ ńkọ́? Wọn kì í ṣe àfikún. Bí iyọ̀ àti ọṣẹ ṣe lè jọ wà nínú báàgì kan láìjẹ́ pé ọ̀kan di èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń bá kernel gbé inú ẹ̀rọ kan. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ilé ìtẹ̀wé ṣì wà bó ṣe wà.

Ti Moodle, ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ GPL, yàtọ̀ díẹ̀. Yunifásítì tó bá kọ plugin tirẹ̀ kún Moodle, tó sì ń lò ó lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò tíì pín ẹ̀dà kankan, nítorí náà GPL kò fi dandan mú un láti ṣí i. Tó bá fi ránṣẹ́ sí yunifásítì mìíràn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. AGPL ti Free Software Foundation, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ni wọ́n kọ láti dí àlàfo yìí: lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń lo ètò tí a tún ṣe láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí kóòdù.

Owó, àti ohun tí láísẹ́ǹsì kò lè fúnni

GPL kò ní kí ẹnikẹ́ni má tajà. Ẹni tó bá ra plugin GPL lè tún un tà ní ẹ̀dínwó, òfin kò sì bá a wí. Ohun tí kò rà ni orúkọ àti àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ náà, àti kọ́kọ́rọ́ ìmúdójúìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ náà ń fún oníbàárà rẹ̀. Plugin «nulled», ìyẹn èyí tí wọ́n ti yọ ìdènà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lórí WhatsApp lè ní kóòdù olè nínú, ẹni tó sì gbé e sórí ìkànnì tó ń gba owó ti fi owó oníbàárà rẹ̀ wewu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láísẹ́ǹsì open source kò lè fúnni ní ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó ń fúnni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Lagos Analysis Corporation, tó ni bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Konyin tó wà fún àwọn èdè Nàìjíríà, pe One Laptop per Child, àjọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé, lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ẹ̀sùn ilé iṣẹ́ náà ni pé One Laptop per Child ti lo àwòṣe bọ́tìnnì òun, èyí tí òun ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láìgba àṣẹ. Linux ni kọ̀ǹpútà One Laptop per Child ń lò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ jẹ́ àwòṣe, tí GPL kò bá sọ̀rọ̀ rárá.

Lónìí, Keyman, ètò ìtẹ̀wé tí àjọ SIL ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2017 lábẹ́ MIT, ń gba bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí ẹnikẹ́ni bá ṣe fún èdè rẹ̀, ti Yorùbá sì wà nínú wọn. MIT náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́tìnnì tirẹ̀ wọ inú àkójọ wọn. Ilé iṣẹ́ fóònù lè mú un, kó tì í mọ́ inú ọjà rẹ̀ láìdá kóòdù kankan padà. Fún plugin tó ń gba owó, GPL ni mo fara mọ́. Fún ohun tí a fi ń tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, mo fara mọ́ MIT tọkàntọkàn, nítorí bó bá ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ púpọ̀ tó ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe máa rí èdè wọn kọ tó.