Bí Ògúndé Ṣe Sọ̀kalẹ̀ Lórí Ìtàgé

Nígbà kan rí, kí oòrùn tó wọ̀, ìlú á ti mọ̀ pé eré ń bọ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ àwọn eléré á wọlé pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá wọn gàdàgbà lára rẹ̀, ìlù á máa dún, gbohùngbohùn á máa pariwo láti àdúgbò dé àdúgbò, àwọn ọmọdé á sì gbá tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ Hubert Ògúndé ló ń mú kí ilé ṣófo. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀, nígbà tí èrò ṣì ń wọ́ tọ̀ ọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kò yẹ kó ya ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu. Òsọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó ṣe tíṣà, ó sì wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ìjọ aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́tta ló ní kó gbé eré kalẹ̀ láti fi wá owó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n bá ṣe The Garden of Eden and the Throne of God ní gbọ̀ngán Glover l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn èyí tó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù tí kì í yẹ̀, ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí lọ, ó fi í sílẹ̀ nítorí eré. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe eléré nígbà náà.

Kò pẹ́ tó fi orin ìjọ náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó sọ ọ̀rọ̀ wọn di eré, Strike and Hunger, àwọn aláṣẹ amúnisìn sì dá a dúró ní Jọ́ọ̀sì. Ní 1947 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é, ó sì kọ́ ijó tí wọ́n ń jó níbẹ̀. Ó dé, ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di Concert Party, ó kó sasofóònù sínú orin. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó tún yí orúkọ náà padà. Gbogbo ìgbà tí orúkọ ẹgbẹ́ bá yí, nǹkan kan tí àwọn ará ìlú ti fẹ́ràn ló ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí kò fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òtítọ́: eré rẹ̀ Yorùbá Ronú mú kí ìjọba Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà ní 1964, Fájuyì, gómìnà ológun ibẹ̀, ló sì tú u sílẹ̀ ní 1966.

Ẹ jẹ́ ká fi Dúró Ládiípọ̀, eléré ti Òṣogbo, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ti inú ṣọ́ọ̀ṣì jáde: ní 1961 ó kó ìlù Yorùbá wọ inú orin Àjíǹde, inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìyẹn ló bí Mbari Mbayo, gbọ̀ngán eré àti ọnà ní Òṣogbo, ní 1962, àti Ọba Kò So, eré Ṣàngó, tó dé Berlin ní 1964. Láti ìgbà náà, Ṣàngó ni Ládiípọ̀ títí ó fi kú ní 1978. Kò fi í sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ara ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n ń gbé.

Ti Ògúndé yàtọ̀, nítorí pé ẹrù tó gbé wúwo jọjọ. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń kọ eré, òun ló ń kọrin, òun ló ń wá gbọ̀ngán, òun ló ń tún ọkọ̀ ṣe, òun ló ń bọ́ gbogbo wọn. Owó ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ni oúnjẹ àárọ̀. Ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, torí pé àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọ wọn máa bá eléré rìn, bí èyí tí wọ́n ti kọ́ bá sì lọ sílé ọkọ, kíkọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1980, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ń lọ ìlú kan náà. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, sì ti kọ́ àwọn ènìyàn pé èèyàn lè jókòó sílé wo eré lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1976 ni Ọlá Balógun ṣe sinimá Àjàní Ògún, tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí wọ́n ń pè ní Adé Love, kópa nínú rẹ̀. Àwọn eléré rí i pé sinimá lè sọ èdè Yorùbá, kí èrò sì kún. Ògúndé pe Balógun, wọ́n sì sọ Ayé, eré tó ti ń ṣe lórí ìtàgé, di sinimá ní 1979. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Lórí ìtàgé, aṣọ, iná àti agbára òṣèré ló ń sọ ènìyàn di àjẹ́ lójú èrò. Kámẹ́rà lè mú kó pòórá. Lójú tèmi, ohun tó fà á lọ nìyẹn ju owó lọ: ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń wá ọ̀nà tí ayé àìrí yóò fi hàn kedere, ọ̀nà náà sì dé.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kò dúró. Ẹni tó ni fíìmù kì í fi í rán ènìyàn, torí olè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ, láti gbọ̀ngán dé gbọ̀ngán, ó ń jókòó tì í títí wọ́n á fi wò ó tán. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ òṣèré kò sí nínú ọkọ̀ mọ́. Ohun tí Mósè Ọláìyá aláwàdà, Bàbá Sàlá wa, rí ló fi hàn pé ẹ̀rù náà tọ́: ó kó owó sórí fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, ayédèrú fídíò rẹ̀ gba ìgboro, ó sì bọ́ sínú gbèsè ńlá.

Ó dùn mí, ohun tó lọ. Eré orí ìtàgé kì í jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan á pariwo láti àárín èrò pé kí ìyàwó náà má jẹ oúnjẹ yẹn, òṣèré á dáhùn, ọ̀rọ̀ náà á sì wọnú eré ní ìlú tó kàn. Karin Barber, tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré ní Òṣogbo, kọ ìwé ńlá kan lórí bí eré ṣe ń dàgbà báyìí lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Fíìmù kì í dá èèyàn lóhùn. Ìjúbà orin àti ijó tí wọ́n fi ń ṣí eré pàápàá, tí àwọn mìíràn tìtorí rẹ̀ wá, kò ríbi jókòó sí nínú sinimá.

Náírà já lulẹ̀ láti 1986, fíìmù di ọ̀wọ́n gógó, fídíò sì gbalẹ̀. Ògúndé kò bá wọn dé ibẹ̀. Ó ti ṣe sinimá mẹ́rin, ó ti ń kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa ya sinimá sí Òsọ́sà. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ya fíìmù Mister Johnson ní Nàìjíríà, ó gbà láti ṣe Brimah nínú rẹ̀, òun tí gbogbo ayé ti ń pè ní ọ̀gá ń dúró síbi tí ẹlòmíràn bá ní kó dúró. Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti lọ kọ́ ijó ní 1947, ló dákẹ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990. Wọ́n gbé e wá sílé, sí Òsọ́sà.