Àpótí Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ohun tí Oníṣòwò Màlúù Kan Ṣe ní 1866

Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ yìí ò ní gùn. Wọ́n bèèrè nínú gúrúùpù wa bóyá ó yẹ kí ẹni tó ń fi jíìpù ná ọjà náwó sórí àpótí onídúrọ́ọ̀, ìyẹn èyí tí káfíńtà máa ń kàn sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí èèyàn á máa fà jáde bíi ti tábìlì. Àwọn kan ní fàájì olówó ni. Àwọn kan ní òyìnbó tó ń fi jíìpù ṣeré nínú aṣálẹ̀ nirú ẹ̀ wà fún. Mo ní rárá o. Kí mọ́tò tó dáyé ni oníṣòwò ti ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ní 1865 ni ogun abẹ́lé parí ní Amẹ́ríkà. Ní Texas, màlúù pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n ẹni tó lówó tó máa rà á ò sí. Ẹ̀yin náà mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Charles Goodnight. Òun àti Oliver Loving, tóun náà jẹ́ oníṣòwò màlúù, gbọ́ pé àwọn ológun ní Fort Sumner, ní New Mexico, ń wá ẹran rà. Ìdí ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ti kó àwọn Navajo tó lé ní 8,000 kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n há wọn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bọ́ wọn. Ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó wà nígbà yẹn. Ní 1866, àwọn méjèèjì da màlúù 2,000 pọ̀, wọ́n kó ọkùnrin 18 dání, ó di ojú ọ̀nà.

Ọ̀nà ọ̀hún ò ní ìlú, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní mama-pọ̀ọ̀tù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta tí màlúù ò fi ẹnu kan omi, tí ọ̀pọ̀ fi kú. Tẹ́lẹ̀, inú àpò ẹ̀yìn ẹṣin ni kálukú máa ń kó oúnjẹ ẹ̀ sí. Ìyẹn dáa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tó bá di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Àwọn géńdé tí ebi ń pa ò lè ṣọ́ màlúù lóru. Bí màlúù bá sì sá, owó ló sá yẹn.

Ohun tí Goodnight ṣe nìyí. Ó ra kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí àwọn ológun ti lò, irú èyí tí ẹran ń fà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ Studebaker ló ṣe é. Ó ní kí wọ́n fi igi bois d'arc tún un kàn, igi líle kan tí wọ́n ní lọ́dọ̀ wọn ni. Ó yọ igi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lé, ó fi irin dípò. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ló wá kan àpótí kan mọ́.

Ẹ fọkàn bá mi wo àpótí yẹn. Pákó kan ló dí ojú ẹ̀. Tí wọ́n bá já pákó ọ̀hún wálẹ̀, ẹsẹ̀ kan wà lára ẹ̀ tó máa ń dúró sílẹ̀, pákó yẹn á sì di tábìlì. Ẹ̀yìn tábìlì yẹn ni dúrọ́ọ̀ àti pẹpẹ kéékèèké wà: fùláwà níbí, kọfí níbẹ̀, ẹ̀wà, ṣúgà, iyọ̀, àwo àti ọ̀bẹ. Dúrọ́ọ̀ kan wà fún oògùn àti aṣọ tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú náà ní àyè tiwọn. Àwọn ẹrù ńlá, àpò oúnjẹ àti ẹní tí wọ́n ń sùn lé, wà nínú kẹ̀kẹ́ gan-an. Àgbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n so awọ màlúù mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ bí àpò, igi ìdáná àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ló ń lọ síbẹ̀. Chuck wagon ni wọ́n ń pè é, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń da màlúù káàkiri fi ń ṣe irú ẹ̀.

Ẹ rí i, kì í ṣe ẹwà ló wá. Ohun tí kúùkù máa kọ́kọ́ nílò ló wà lójú. Ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀. Ohun tí wọn kì í lò lójoojúmọ́ wà nínú. Kúùkù tó bá dúró níbẹ̀ lóru lè nawọ́ mú iyọ̀ láìtan iná.

Nígbà tí wọ́n dé Fort Sumner, wọ́n ta màlúù ní sẹ́ǹtì 8 fún ìwọ̀n pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, owó sì di góòlù 12,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Goodnight yí padà sí Texas láti lọ kó màlúù mìíràn. Òun àti ọkùnrin díẹ̀ ló lọ, wọ́n ń rìn lóru nítorí ẹ̀rù àwọn Comanche. Ẹ̀yìn ìbaaka kan ni wọ́n di oúnjẹ àti góòlù lé. Lóru ọjọ́ kan, mànàmáná kọ, ìbaaka ta kìjí, ó sá lọ. Goodnight lé e bá, ó rí góòlù gbà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti dànù sínú òkùnkùn. Ọkùnrin tó ní 12,000 dọ́là lọ́wọ́ kò rí nǹkan fi sẹ́nu. Àfìgbà tí wọ́n pàdé ẹnì kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó wọ́tàmẹ́lọ̀nì lọ tà ni wọ́n tó jẹun. Ẹrù tí ò bá dè dáadáa, tàsálà ni.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó kan àwa tá à ń gbé owó rìn. Bose Ikard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, wà lára àwọn tó bá Goodnight ṣiṣẹ́ láti 1866. Goodnight fọkàn tán an débi pé òun ló ń gbé owó fún. Ó ní olè ò ní ronú láé pé inú ẹní aláwọ̀ dúdú ni owó wà. Nígbà tí Ikard kú ní 1929, Goodnight gbé òkúta sí ojú oórì ẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ibi tí owó wà, olè ò ní ronú kàn án.

Nígbà tó yá, mọ́tò dé. Studebaker tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò ní 1902. Land Rover jáde ní Ìlú Ọba ní 1948. Àpótí kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wọ ẹ̀yìn jíìpù. Àwa náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí bọ́lẹ̀kájà: orí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ti òkè òkun wá, káfíńtà tiwa ló fi pákó kan ara ẹ̀. Òun náà ló kó bàbá àti ìyá wa dé ibi tá a wà yìí.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é bí oníṣòwò. Kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ń mú jáde tẹ́ ẹ bá dé ọjà sílẹ̀, láti àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Bí ìwé yẹn bá ṣe tò ni kí dúrọ́ọ̀ tò. Ẹrù tó wúwo, ilẹ̀ ni kó wà, nítorí ọkọ̀ tí ẹrù ẹ̀ bá ga máa ń yára dojú dé ní kọ́nà. Ẹ fi bóòtù de àpótí mọ́ irin ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe okùn lásán. Nínú jíìpù, kò sí ògiri láàárín ẹrù àti ọrùn dẹ́rẹ́bà. Tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, ọkọ̀ á dúró, ẹrù tí ò dè ò ní dúró. Dúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí á máa há a, kó má baà yọ fúnra ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Plywood onímìlímítà 18 lágbára, ṣùgbọ́n odindi páálí kan máa ń tó nǹkan bíi kílò 30. Tẹ́ ẹ bá lo méjì, kílò 60 ti wọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó kó ọjà sí i. Ẹ fi onítínrín ṣe inú dúrọ́ọ̀, kẹ́ ẹ fi onínípọn ṣe ìta.

Fún ẹni tó bèèrè: bó o bá ń ná ọjà kan ṣoṣo, tó sún mọ́ ilé, fi owó ẹ kún ọjà. Bó bá jẹ́ ọjà mẹ́rin márùn-ún lọ́sẹ̀, lójú ọ̀nà burúkú, kàn án. Ẹni tó bá ti ṣe tiẹ̀, kó gbé fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúùpù ká rí i. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà o. Ọjà á tà.