Ìwé Tó Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Wa Ká Tó Du Iṣẹ́ Àgbàṣe Ìjọba

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń tajà, tó ń ránṣọ, tó ń ṣe káfíńtà nílẹ̀ onílẹ̀: "Àjèjì ni wá níbí, ta ló máa gbé iṣẹ́ ìjọba fún wa?" Irọ́ kọ́ o, ojúsàájú wà. Àmọ́ ohun tí àwa rí ni pé àìsí ìwé ló ń já ọ̀pọ̀ wa kulẹ̀ ju ìlú tí a ti wá lọ.

Òfin tó de iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ ni Public Procurement Act ti ọdún 2007. Òun ló dá BPP sílẹ̀ l'Ábújá. Ilé ìwòsàn àti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà nítòsí yín wà lábẹ́ ẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n polówó iṣẹ́, kí wọ́n sì ṣí ìwé gbogbo ẹni tó du ú ní gbangba. Fún ọjà kéékèèké, wọ́n lè béèrè iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, ó kéré tán. Ibẹ̀ ni kí ẹni kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, ẹ béèrè.

Àwọn ìwé tí wọ́n sábà máa ń béèrè nìyí:

1. Ìwé CAC. Ọ̀pọ̀ ìpolówó máa ń gba business name náà, àmọ́ ẹ kà á dáadáa.

2. Ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Tó bá jẹ́ business name, owó orí ẹni tó ni ín ni wọ́n máa wò. Ìpínlẹ̀ tí a ń gbé la ti ń san án, kì í ṣe ìlú wa.

3. Ìwé PenCom, tí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15.

4. Ìwé ITF, tí òṣìṣẹ́ bá tó 5, tàbí tí ọjà tí ẹ tà lọ́dún bá tó 50 mílíọ̀nù náírà.

5. Ìwé NSITF, kódà kó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní.

6. Ìwé IRR, tó fi hàn pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni púpọ̀ nínú wọn máa ń kú. Ẹni tó bá dúró de ìpolówó kó tó máa sáré kiri, ọjọ́ á ti lọ. Oṣù Kìíní ni ká ti tún wọn ṣe.

Tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má kàn kùn sílé. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fèsì. Tí kò bá fèsì, tàbí tí èsì ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sí BPP láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Tí ẹ bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, tí owó pẹ́ ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tí ẹ fi ìwé owó sílẹ̀, òfin ní kí wọ́n san èlé lé e.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí á máa wo Federal Tenders Journal àti ìwé ìròyìn, kó máa ka ìpolówó sétí ìpàdé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.