Àwọn Ọmọ Queen's College Àtijọ́

Ìjọba amúnisìn ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin láti 1909, ṣùgbọ́n ó di Oṣù Kẹwàá 1927, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Èkó, tí Oyinkan Abayomi wà nínú wọn, ti dáwó tí wọ́n sì rọ ìjọba títí (ìjọba náà kò sì yára rárá!), kí Queen's College tó ṣílẹ̀kùn fún ogún ọmọbìnrin péré. Yábàá ni ilé ìwé náà padà fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí agogo ti ń jí àwọn ọmọ inú ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹyin ní í di àgbébọ̀: Grace Alele, ọmọ Warri, tí ó gba ibẹ̀ kọjá, ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, tí ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Àwọn tí ń sọ pé ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ kí ó tó papòdà ní ẹni ọdún 89, ní Oṣù Kẹta 2022.